Èèkù Ọ̀pá Ìwọ̀: Pankẹ́rẹ́ Mẹ́ńdè àti Ògùrọ̀ Etí Odò Ògùn

Ẹni tó bá ra ọ̀pá ìwọ̀ tuntun lónìí, ì báà wọ́n, ì báà má wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóòmù dúdú kan ni yóò bá ọwọ́ rẹ̀ pàdé níbi tó ti ń dì í mú. Fóòmù náà fúyẹ́, ó rọ̀, omi kì í sì í wọ inú rẹ̀. EVA ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sílípáàsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ní Kétu. Àwọn apẹja etí ọ̀sà ti mọ̀ ọ́n lò tipẹ́. Bí sílípáàsì bá já, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a lu ihò sí i, wọn a so ó mọ́ àwọ̀n kí àwọ̀n má baà rì. Nítorí náà, ẹni tó san owó gọbọi lórí ọ̀pá ìwọ̀, tó wá ń fi fóòmù rẹ̀ yangàn létí omi, sílípáàsì ló dì mú.

Kò sẹ́ni tó ní kí fóòmù má wúlò. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó gé e kò rí ọwọ́ ẹni tó máa lò ó rí. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ yàtọ̀ sí ọwọ́ akọ̀wé, ọwọ́ ọmọ ọdún 12 kò sì lè rí bákan náà pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀, síbẹ̀ èèkù kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà fún gbogbo wọn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò wá kọ́ apẹja Àgbóyì bí wọ́n ṣe ń pẹja. Ẹni tó bá dán ìyẹn wò á gba èsì tó tọ́ sí i. Ohun tó bá wá ni pé láàárín Mẹ́ńdè, Kétu, Mile 12 àti Òwòdé Onírin, kò sí ohun èlò kan tí èèyàn nílò fún èèkù tó bá ọwọ́ ara rẹ̀ mu tí kò sí nílẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́ ni gbígbẹ: oníṣẹ́ kì í ní sùúrù kí igi gbẹ dénú kó tó fi gọ́ọ̀mù lé e.

Odò Ògùn ló ni omi agbègbè yìí. Apá Ṣakí lókè Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó wá rọra yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12 kó tó dà sínú ọ̀sà Èkó. Ibẹ̀ ni Àgbóyì wà, ìletò àwọn Àwórì tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọjá sí Kétu láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà òjò, bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1983, àwọn ará Agílìtì, Ajégúnlẹ̀ àti Ìtòwòlò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, nítorí inú yàrá wọn ni omi ń gbà wọlé. Omi burúkú kan náà ló ń gbé àrọ̀ àti ẹpiyà sún mọ́ ẹsẹ̀ ilé. Ọmọdé á mú ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á so okùn àti ìwọ̀ mọ́ ọn, á fi ẹkòló ṣe ìjẹ. Ọ̀pá tirẹ̀ kò ní èèkù kankan. Ibi tí ọparun ti nípọn jù lọ lọwọ́ ń dìmú, bí ọwọ́ bá sì ti tutù, ọparun a máa yọ̀.

Àwọn àgbà apẹja, àwọ̀n àti ìgèrè ni wọ́n gbójú lé. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀ pẹja nínú wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà okùn lásán ni, tó wé mọ́ igi tàbí mọ́ ìgò, tó ń fi ìka tẹ́tí sí bóyá ọ̀bọ̀kún ti gbé e. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń wá èèkù ọ̀pá ìwọ̀ nínú ẹja pípa àtijọ́ nílẹ̀ wa kò fi ní rí púpọ̀. Ṣùgbọ́n èèkù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kún ilé fọ́fọ́: èèkù àdá, èèkù ọkọ́, èèkù idà, ibi ìdìmú àjẹ̀, ìdí ìrùkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi awọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bò. Àwọn tó sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni, mọ ibi tí agbára irinṣẹ́ wà.

Ẹ wo alágbẹ̀dẹ tó ń fi èèkù sí ọ̀bẹ. Kò wá dírílù kankan lọ. Ìrù ọ̀bẹ ló máa tì bọ iná títí yóò fi pọ́n, á wá fi gún àárín igi. Igi á ké ṣíì, èéfín á yọ, ihò tó bá ìrù ọ̀bẹ náà mu gẹ́lẹ́ á sì ti jó ara rẹ̀ síbẹ̀. Dírílù kò lè ṣe irú rẹ̀, torí róbótó ni ihò dírílù, ìrù ọ̀bẹ kì í sì í ṣe róbótó. 

Òyìnbó náà ti gba ọ̀nà yìí rí. Lọ́dún 1496, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Westminster, nítòsí London, lórí bí a ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Juliana Berners ni wọ́n máa ń sọ pé ó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ìwé náà ní kí apẹja gé igi rẹ̀ nígbà òtútù, kó yan án nínú ààrò kó lè tọ́, kó sì fi í sílẹ̀ fún odindi oṣù kan kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kó fi irin gbígbóná jó ihò sí àárín rẹ̀, kó wá gbé e kọ́ sínú èéfín lábẹ́ òrùlé títí yóò fi gbẹ dénú. Ìyá àgbà tó ń gbé igi ọkọ́ sórí àjà, lókè iná ilé ìdáná, kò ka ìwé yẹn. Igi tútù ló kọ́ àwọn méjèèjì lọ́gbọ́n.

Èèyàn ní láti mọ ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ èèkù ọ̀pá ìwọ̀ kó tó mọ ohun tó yẹ kó fi ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, torí ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja lè di ọ̀pá mú láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Kò gbọdọ̀ mu omi. Bí ọwọ́ bá kún fún òógùn àti ìdọ̀tí ẹja, kò gbọdọ̀ yọ̀. Èyí tó ṣòro jù ni pé kò gbọdọ̀ rọ̀ ju bó ti yẹ lọ, torí láti ẹnu ẹja ni ìró ti ń gba okùn wá, láti okùn sí ọ̀pá, láti ọ̀pá sí àtẹ́lẹwọ́. Èèkù tó rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ á gbé ìró náà mì, ẹpiyà á jẹ ìjẹ tán, á bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà rí tó ṣe gbogbo èyí ni kọ́ọ̀kì. Èèpo igi kan ni, igi óákù tó ń hù ní agbègbè òkun Mẹditaréníà, Pọ́túgà nìkan ló sì ń pèsè nǹkan bí ìdajì gbogbo èyí tí ayé ń lò. Wọn kì í gé igi náà lulẹ̀. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń bó. Igi á tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o lẹ́ẹ̀kíní, òfin Pọ́túgà sì ní kí wọ́n má tún fọwọ́ kàn án títí ọdún 9 yóò fi pé. Èèpo àkọ́kọ́ àti ìkejì kì í dára tó. Ìgbà kẹta, tí igi ti lé ní ogójì ọdún, ni ojúlówó tó ń yọ. Lọ́dún 1665, ọ̀gbẹ́ni Robert Hooke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo èèpo yìí, ó rí i pé yàrá wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀ bí afárá oyin, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú wọn. Ìdí tó fi fúyẹ́ nìyẹn. Oníṣẹ́ á ra òrùka kọ́ọ̀kì tó nípọn tó ìdajì íǹṣì, á to 14 pọ̀ fún èèkù oníǹṣì méje, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, á sì fi sáńpépà yọ ọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń yí igi.

Èèkù kọ́ọ̀kì dára gan-an. Ṣùgbọ́n láti Kétu, ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń gbé nítòsí Mẹ́ńdè fi ní láti máa wo Pọ́túgà.

Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ tó ni Kétu náà ló ni Mẹ́ńdè. Ẹni tó bá ti Ọjọ́ta kọjá, tó ń lọ sí Méríláǹdì lójú títì Ìkòròdú, á rí àga, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ọdún àti ibùsùn ọmọ tuntun tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun. Cane Village lorúkọ tí gbogbo Èkó mọ̀ ọ́n sí. Àwọn kan rò pé pankẹ́rẹ́ àti ọparun jẹ́ ọ̀kan náà. Ọparun ní ihò nínú, ẹbí koríko sì ni. Pankẹ́rẹ́ dí nínú, ẹbí ọ̀pẹ ni, ó ní ẹ̀gún lára, ó sì ń fi igi mìíràn gòkè nínú igbó ẹlẹ́rẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ nídìí rí nílé ẹ̀kọ́ kò tún nílò àlàyé lórí bó ṣe ń tẹ̀ tí kì í kán.

Ohun tó yẹ kí aṣe-èèkù lọ wò níbẹ̀ ni oríkèé àga, níbi tí ẹsẹ̀ àti apá ti pàdé. Oníṣẹ́ pankẹ́rẹ́ á la pankẹ́rẹ́ kan sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi ọ̀bẹ fá inú rẹ̀ dànù títí yóò fi ku kìkì èèpo tó ń dán, tó pẹlẹbẹ. Á rẹ ẹ́ sínú omi kó lè rọ̀. Á wá tẹ́ orí ẹ̀là náà sílẹ̀ ní gígùn igi, á bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìyókù lé e lórí kí orí náà lè há sábẹ́. Ìyípo kan á jókòó ti ìkejì láìsí àlàfo, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa tì wọ́n mọ́ra wọn. Bó bá ku ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan há sábẹ́ wọn, á ki ìdí ẹ̀là bọ inú okùn náà, á wá fa okùn jáde. Ìdí ẹ̀là á bá a wọlé, á há sábẹ́, ọ̀bẹ á gé èyí tó ṣẹ́kù. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fún pọ̀ gírígírí.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀ ní Amẹ́ríkà ń ṣe sí èèkù ọ̀pá wọn ní apá ìparí ọ̀rúndún 19, kí kọ́ọ̀kì tó gba ipò lọ́wọ́ pankẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Kétu kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ bá oníṣẹ́, kó sọ fún un pé ẹ̀là tó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta ni òun ń fẹ́, nítorí èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í fẹ́ jókòó dáadáa lára ohun tó tín-ín-rín. Ẹ̀là pankẹ́rẹ́ tí wọ́n wé ní ìyípo ìyípo máa ń fún ìka ní ibi tó lè rọ̀ mọ́, àní bí ọwọ́ bá kún fún omi ẹja.

Àmọ́ pankẹ́rẹ́, aṣọ ni, kì í ṣe ara. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa fún èèkù ní ìbú tó kún ọwọ́. Ọ̀pá ògùrọ̀ ló dára jù fún èyí lójú ẹni tó kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ògùrọ̀ kì í jìnnà sí omi, àwọn ará ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sì ti ń fi ọ̀pá imọ̀ rẹ̀ kọ́lé, wọ́n ń fi ṣe àkàbà, wọ́n sì ń fi ìko tí wọ́n bó lára ewé rẹ̀ hun nǹkan. Ọ̀pá náà ní èèpo líle tó ń dán lóde, inú rẹ̀ sì rọ̀, ó sì fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lórí omi. Bí èèyàn bá gé e ní íǹṣì mẹ́jọ, tó fi irin gbígbóná la àárín rẹ̀ kọjá, inú rírọ̀ yẹn á jóná kúrò níbi tí ọ̀pá ìwọ̀ máa gbà, èyí tó kù á sì máa bá a fúyẹ́ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn fá èèpo líle náà dànù kó lè rí i róbótó. Èèpo yẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Kó fá kìkì ibi tó bá yọ gọngọ, kí pankẹ́rẹ́ bo ìyókù.

Ọparun náà ṣeé lò, torí ó ti ní ihò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ń bẹ tó ń lu ú, tí ìyẹ̀fun funfun á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí oúnjẹ tó wà nínú ọparun tútù ló ń wá. Rírẹ ọparun sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e síbi tó máa gbẹ máa ń fọ púpọ̀ nínú oúnjẹ náà kúrò. Ẹni tó bá ń gbé ní Àgbóyì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá omi tó máa fi rẹ ẹ́.

Ti igi ńkọ́? Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Oko Bàbà ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta ni ọjà pákó tí gbogbo Èkó ti mọ̀ tipẹ́, ègé pákó tí wọ́n ń dà nù ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ sì tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèkù. Erìnmadò àti àràbà fúyẹ́ púpọ̀; wọ́n lè rọ́pò ọ̀pá ògùrọ̀ lábẹ́ pankẹ́rẹ́. Apá àti ìrókò wúwo, wọ́n le, wọ́n sì ń dán mèremère bí sáńpépà bá ti kọjá lára wọn. Àwọn kan á ní igi wúwo kò bójú mu fún èèkù. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀pá ìwọ̀ gígùn máa ń fi orí wọ́lẹ̀, ọrùn ọwọ́ apẹja ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Ègé apá kékeré ní ìdí pátápátá á mú kí ọ̀pá náà dúró dọ́gba níbi tí ríìlì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, wà. Fún ọ̀pá kúkúrú, ẹrù lásán ni.

Ẹni tó bá máa fá ìrókò gbọ́dọ̀ bo imú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrókò máa ń mú àyà àwọn kan fún, ó sì máa ń mú awọ ara wọn yún. Àrùn òṣìṣẹ́ ilé pákó ni, àwọn dókítà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí igi náà bá ti dán tí wọ́n sì ti fi fánííṣì bò ó, ìyọnu yẹn ti tán.

Igi kan wà tó yẹ kí aṣe-èèkù fi sílẹ̀ pátápátá, bó ti wù kó rẹwà tó: kòsó, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rosewood. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó wà nínú ewu, ti fi í sábẹ́ ìṣọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni àjọ Environmental Investigation Agency gbé ìròyìn jáde pé ìtì igi kòsó tó lé ní mílíọ̀nù kan láti Nàìjíríà ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ China, kí CITES tó ní kí wọ́n dáwọ́ òwò rẹ̀ láti Nàìjíríà dúró lọ́dún 2018. Ègé kékeré fún èèkù kan lè má tó nǹkan lójú ẹni tó ń rà á, àmọ́ igi tó tó ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà ni, pankẹ́rẹ́ sì wà ní Mẹ́ńdè.

Ohun kan tún wà lórí omi Àgbóyì tí kò sẹ́ni tó máa bínú bí èèyàn bá kó gbogbo rẹ̀ lọ: koríko ojú omi tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Nǹkan bí ọdún 1984 ló gba omi Bàdágìrì wọlé láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin, títí di òní kò tíì kúrò. Arábìnrin Achenyo Idachaba dá ilé-iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn lórí koríko yìí. Ó ń sá igi rẹ̀ sóòrùn, ó ń fi ọwọ́ hun ún di okùn, okùn náà ló sì ń di apẹ̀rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Lọ́dún 2015 ló sọ ìtàn iṣẹ́ náà lórí pèpéle TED. Okùn rẹ̀ rọ ọwọ́ lọ́rùn, ó sì rẹwà tí wọ́n bá wé e mọ́ èèkù. Àléébù tó ní ni pé omi ló ti wá, omi ló sì ń fẹ́: bí wọn kò bá fi fánííṣì bò ó dáadáa, á mu omi, á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Fún ọ̀pá tí wọ́n máa gbé kọ́ ara ògiri, ó dára. Fún ọ̀pá tó ń lọ sójú omi, pankẹ́rẹ́ ló borí.

Àgbọn Bàdágìrì náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Èèpo líle rẹ̀, bí wọ́n bá gé e róbótó tí wọ́n sì lu ihò sí àárín rẹ̀, máa ń ṣe ìdérí tó dára fún orí àti ìdí èèkù, níbi tí ẹ̀là pankẹ́rẹ́ ti lè fẹ́ já bó bá ń gbá ara ọkọ̀. Ìwo màlúù náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ooru máa ń mú un rọ̀ títí èèyàn yóò fi lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ́. Àwọn ará Japan tilẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: awọ ẹja pẹlẹbẹ tó ní oró nírù ni wọ́n fi ń bo èèkù idà wọn kí wọ́n tó fi okùn wé e, torí awọ náà rí págunpàgun, ọwọ́ kì í sì í yọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti òróró tí wọ́n fi ń pa èèkù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tuntun ti ń ṣìṣe. Àdín wà nílé, òrí wà nílé, wọ́n á sì fi pa á. Òróró méjèèjì yìí kì í gbẹ. Wọ́n á jókòó sórí igi, eruku á lẹ̀ mọ́ wọn, èèkù á dúdú, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Òróró tó ń gbẹ di awọ lórí igi ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, irú bíi òróró linseed tí àwọn tó ń ta ọ̀dà máa ń tà. Fánííṣì náà dára, ṣùgbọ́n kó fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbẹ kí òkè tó gorí rẹ̀. Fánííṣì tó nípọn á sọ pankẹ́rẹ́ di gíláàsì, gbogbo ìdí tí wọ́n fi wé e á sì ti ṣòfò.

Gbígbẹ tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà kan tó rọrùn láti mọ̀, kò sì ná èèyàn ju òṣùwọ̀n kékeré kan lọ. Kí oníṣẹ́ wọn ègé igi tàbí ọ̀pá ògùrọ̀ rẹ̀, kó kọ ìwọ̀n náà sí i lára, kó gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò ti ní là á. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì ń dín kù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀n náà bá dúró lójú kan ni kó tó mú gọ́ọ̀mù. Nínú ọ̀rinrin Èkó, ìgbà ọyẹ́ ló yá jù. Èèkù tí wọ́n fi igi tútù ṣe á sún kì, gọ́ọ̀mù á bó, ọ̀pá á sì máa yí nínú èèkù lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá gbé ìwọ̀.

Ìwọ̀n èèkù fúnra rẹ̀, ara ẹni ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Fún ọ̀pá oníríìlì, kí apẹja di ọ̀pá mú níbi tí ríìlì wà, kó tẹ́ ẹ lé abẹ́ apá rẹ̀. Kí ìdí èèkù mọ sí ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa kọ́ aṣọ; bó bá kúrú jù, gbogbo ẹrù ẹja á wá sórí ọrùn ọwọ́. Ní ti ìbú, bí ọwọ́ bá di èèkù, kí orí ìka àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpìlẹ̀ àtàǹpàkò, kó má wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ọmọdé á nílò èyí tó tín-ín-rín. Àgbà tí oríkèé ìka rẹ̀ ń dùn ún á nílò èyí tó nípọn díẹ̀, torí ọwọ́ tó dùn kì í fẹ́ ká jọ pátápátá.

Ibi tí ríìlì máa jókòó sí ló kù. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe jẹ́ páńpẹ́ oníke tàbí irin, ó sì ṣeé rà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Òwòdé Onírin wà lójú títì Ìkòròdú kan náà, níbi tí páìpù álúmínọ́ọ̀mù ti pọ̀ nínú àjẹkù irin. Òrùka páìpù méjì, tí ọ̀kan dúró gbọn-in tí ìkejì ń sún, lè di ẹsẹ̀ ríìlì mú dáadáa bí wọ́n bá fi fáìlì fá etí wọn kó má baà gé ìka. Gọ́ọ̀mù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, irú èyí tí gbogbo alátẹ àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe ń pè ní Araldite, ni kí wọ́n fi lẹ èèkù mọ́ ọ̀pá, torí gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ àga kì í gba omi ọ̀sà mọ́ra.

Bí ẹ̀là pankẹ́rẹ́ bá já lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, kò sí ohun tó sọ pé kí wọ́n sọ ọ̀pá nù. Ọ̀bẹ á tú u, sáńpépà á nu ọ̀pá ògùrọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì wé òmíràn lé e. Fóòmù tó bá ya kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Gígé ni wọ́n ń gé e kúrò, ẹni tó bá sì ti gé e kúrò tán ti rí àyè tó máa fi ọ̀pá ògùrọ̀ rẹ̀ sí.